Ṣé Meldorf Ṣì Jẹ́ Meldorf?

Ẹgbẹ́dá, Èkó
9 Oṣù Kìíní, 2025

Tòún Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún o, ìwọ, Báyọ̀ ọkọ rẹ, àti Princess ọmọ-ọmọ mi kékeré. Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Ṣé òtútù ìlú Leicester ò fojú yín rí màbo? Ní tiwa níbí, ọyẹ́ ló gba ìlú. Bí mo bá nu orí tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀, kí n tó mu ẹ̀kọ tán, mo ti lè fi ìka kọ orúkọ mi sí i.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá yìí ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Lórí fóònù, ìwọ a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. "Bàbá, mo ti ń wọ iṣẹ́ o." Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú. Mo ti bá Múrítàlá tó ń kó kágò n'Íkòtún sọ ọ́, yóò máa bá wa mú lẹ́tà lọ, yóò máa mú un bọ̀, pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, jókòó kí o kà á.

O rántí rọ́ọ̀gì pupa tó wà níwájú pẹpẹ ní ìjọ wa. Bí ìwọ bá gbàgbé, orúnkún rẹ ò ní gbàgbé. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ló tẹ́ ẹ fún Olúwa lọ́dún tí wọ́n fi í jẹ Ìyá Àdúrà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dá sí i. Ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ti jókòó báyìí, wọ́n ní kí á ká a dànù kí ọdún Àjíǹde tó dé, kí á lẹ táìlì. Ìdí wọn ni pé bí a bá wólẹ̀ gbàdúrà tán, tí a dìde, iwájú sùtánà funfun gbogbo wa á ti pọ́n bíi ti ẹni tó ń po amọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò lè bá wọn jà. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì Meldorf, ẹ̀rọ wa tó ń fa eruku, ti jóná lọ́dún tó kọjá, ìgbálẹ̀ ni mo fi ń gbá a, ìgbálẹ̀ ò sì ṣe ju pé kó kó eruku láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọwọ́ òsì.

Àpọ́sítélì Ọláfimíhàn tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà fún mi láyè díẹ̀. Ó ní, "Bàbá Abraham, ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ilé Ọlọ́run látọjọ́ yìí. Tí ẹ bá lè gba eruku inú rọ́ọ̀gì yìí kó tó di Àjíǹde, ẹnì kan ò ní fọwọ́ kàn án. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, táìlì ni o."

Ohun tí mo ń tọrọ nìyí: bá mi ra Meldorf. Mi ò sọ pé irú rẹ̀, mi ò sọ pé àbúrò rẹ̀. Èyí tí ọ̀gá mi òyìnbó fún mi nígbà tó ń kúrò n'Íkẹjà gbálẹ̀ títí a fi bí ọ, ó gbálẹ̀ títí o fi wọ yunifásítì, ó ṣì ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ tí o relé ọkọ. Àwọn ará Jámánì tó ṣe é kì í ṣeré.

Kí Olúwa máa ṣọ́ yín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abraham


Leicester
24 Oṣù Kìíní, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìdúródè. Báyọ̀ dọ̀bálẹ̀, Princess ní kí n sọ fún Bàbá Ẹgbẹ́dá pé eyín iwájú òun ti ká. Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín? Ẹ kọ ojú ìwé tó kún dẹ́nu, ẹ ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo wádìí Meldorf náà dáadáa. Bàbá, ẹ má bínú, Meldorf tí ẹ mọ̀ kọ́ ló wà nígboro mọ́. Àwọn tó rà á ń ráhùn lórí ayélujára. Wọ́n ní ibi tó jẹ́ irin tẹ́lẹ̀ ti di rọ́bà, wọ́n ní owó gọbọi tí wọ́n ń gbà lé e, orúkọ àtijọ́ ni wọ́n ń gbà á fún. Orúkọ kì í gbálẹ̀, Bàbá. Ẹ̀rọ tí mo fi ránṣẹ́ yìí ni èmi fúnra mi ń lò nílé. Kò ní wáyà, kò wúwo, ọwọ́ kan lẹ ó fi mú un. Láràárọ̀ ni mo fi ń gbá pálọ̀ mi, rọ́ọ̀gì wa sì mọ́ tónítóní.

Bí ìgbìmọ̀ bá sì ta kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lẹ táìlì wọn. Ẹ ti dàgbà ju ẹni tó ń bá ìjọ fa rọ́ọ̀gì lọ. Ìyá mi ò sí lára rọ́ọ̀gì.

Ọmọ yín,
Tòún


Ẹgbẹ́dá
10 Oṣù Kejì, 2025

Tòún,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo rí nǹkan tó bá a wá náà gbà, mo sì ti ní kí Múrítàlá dá a padà fún ọ.

Má ṣe rò pé mi ò dán an wò. Mo gbé e lọ sí ìjọ lọ́jọ́ Sátidé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù kọkàndínlọ́gọ́fà sókè bí mo ṣe máa ń ṣe tí mo bá ń gbálẹ̀. N kò tíì kà á dé ìdajì tó fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní kí á lọ chájì òun. Ní Ẹgbẹ́dá! Níbi tí àwa fúnra wa ń wá ẹni tó máa chájì wa! Eruku tó sì gbà nínú rọ́ọ̀gì náà kò kún ìkòkò àdín. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rọ àná-àná yẹn lè dára fún pálọ̀ rẹ, kò ì tíì rí eruku Ẹgbẹ́dá rí láyé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí o kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. O ní ìyá rẹ ò sí lára rọ́ọ̀gì. Ta ló bi ọ́ léèrè? Ìwọ ò sí níbí. Ní igun òsì, ibi tó máa ń kúnlẹ̀ sí kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ojú orúnkún rẹ̀ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, ó jìn wọlé díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń parí gbígbá sí ní gbogbo Sátidé, bí mo bá sì dé ibẹ̀, mo máa ń dúró díẹ̀. Táìlì kì í gba ojú orúnkún. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Mo ń lo oògùn mi.

Bàbá rẹ


Leicester
20 Oṣù Kejì, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀. Ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ nípa igun òsì yẹn, ẹ ò sọ fún mi rí. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó tì mí sì ń wò mí.

Mo ti ra Meldorf náà. Tuntun ni, nínú páálí rẹ̀, ó ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn Múrítàlá ní London. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bí mi, orí kunkun yín wà lára mi, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Bí ó bá já yín kulẹ̀ lójú ìjọ, ẹ má sọ pé Tòún ò wí o.

Ẹ máa jẹun dáadáa.

Ọmọ yín,
Tòún


Ẹgbẹ́dá
8 Oṣù Kẹta, 2025

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tó mọyì bàbá rẹ̀,

Ó dé! Ó dé o! O káre, o ó jẹ èrè ọmọ. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi gbé e láti Ìkòtún, mo sì gbé páálí náà lé itan bí ìyàwó tuntun. Gbogbo àdúgbò ló yọjú. Bàbá Jibril tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé wa bi mí pé ṣé fìríìjì ni. Mo ní ẹni tí kò bá mọ Meldorf, kó bi èèyàn léèrè.

Òótọ́ lo sọ, rọ́bà ti pọ̀ lára rẹ̀ ju tàtijọ́ lọ. Páìpù tó jẹ́ irin nígbà náà ti fúyẹ́ bí pòròpórò àgbàdo. Ó dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ṣì wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà, mo fọwọ́ pa á, mo sì kí i káàbọ̀.

Mi ò tíì tàn án. Ojú ìjọ ni mo fẹ́ kó ti kọ́kọ́ dún. Mo sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ojú. O mọ̀ pé ọyẹ́ ò tíì lọ tán. Gbogbo ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé iṣẹ́ ni mo fi sílẹ̀ lára rẹ̀, kó má baà ha. Ibì kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú asẹ́. Mo ní eruku ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, mo fi ọ̀rá mìíràn bò ó, mo sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ yíká. Bí ìyá rẹ ṣe ń tọ́jú nǹkan nìyẹn. Àga pálọ̀ wa tí o fi ọ̀rá ara wọn sílẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó, ọ̀rá náà ṣì wà lára wọn, tuntun ni wọ́n títí di òní.

Ọjọ́ Ìsìnmi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún, lẹ́yìn ìsìn, ni ìgbìmọ̀ yóò wá wò ó. Gbàdúrà fún mi, kí o sì múra láti gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn,
Abraham


Ẹgbẹ́dá
17 Oṣù Kẹta, 2025

Tòún,

Ìwọ lo borí.

A tan jẹ́nẹ́rétọ̀. Gbogbo ìjọ dúró, kò sẹ́ni tó lọ sílé, torí mo ti fọ́nnu fún gbogbo wọn. Mo ní, "Ẹ wá wo ohun tí ọmọ mi rà." Mo ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó kùn lákọ̀ọ́kọ́, inú mi dùn. Mo wọ́ ọ lórí rọ́ọ̀gì, kò gbé nǹkan kan. Mo tún wọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ẹni tí wọ́n di ẹnu mọ́, ara rẹ̀ gbóná, ó sì dákẹ́ lójijì. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dá mi lóhùn.

Àpọ́sítélì Ọláfimíhàn gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Abraham, ẹ máa wò ó. Orúkọ ló kù lára nǹkan yìí jàre." Ìyá Charity rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀ títí fìlà funfun orí rẹ̀ fi já bọ́. Mo káṣọ mi mọ́ra, mo gbé ẹ̀rọ mi, mo lọ sílé.

Táìlì ti dé, páálí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà pẹpẹ. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí, ni àwọn tó máa lẹ̀ ẹ́ ń bọ̀. Mo ti pa fóònù mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí láti bá mi kẹ́dùn, mi ò sì fẹ́ gbọ́ "mo sọ bẹ́ẹ̀" látẹnu rẹ. Orúkọ kì í gbálẹ̀. O ti sọ ọ́.

Bàbá rẹ


Leicester
24 Oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kí yín pẹ́. Lẹ́tà yín ọjọ́ kẹjọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà. Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ níwájú ìgbìmọ̀, mo pè yín pè yín, fóònù yín ò wọlé. Hope tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ń bọ̀ wá wo ìyá rẹ̀ n'Ígàndó, ọ̀la ló ń wọ bàálù, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí yín. Mo ti ní kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín kó tó délé wọn.

Bàbá, Ẹ BỌ́ Ọ̀RÁ NÁÀ KÚRÒ! Ihò wẹ́wẹ́ tí ẹ fi ọ̀rá dí yẹn ni imú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń gbà tú afẹ́fẹ́ jáde. Bí afẹ́fẹ́ ò bá rí ọ̀nà jáde, kò lè fa nǹkan kan wọlé. Bí ẹ bá ti tàn án, tó gbóná, tó sì dákẹ́, kò bàjẹ́ o. Mo ka ìwé rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ lálẹ́ àná: wọ́n ṣe é kó máa dá ara rẹ̀ dúró tí wọ́n bá sé èémí mọ́ ọn, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má baà jóná. Ẹ bọ́ gbogbo ọ̀rá, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún un tàn. Yóò jí.

Tí kò bá jí, èmi ni kí ẹ bá wí.

Ọmọ yín,
Tòún


Ẹgbẹ́dá
31 Oṣù Kẹta, 2025

Tòún Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Abraham, ọmọ Ìyá Àdúrà,

Kọ́kọ́ kígbe Halelúyà méje kí o tó kà á. Mo dúró dè ọ́.

Ọjọ́rú ni Hope dé, tòun ti àpótí rẹ̀ nílẹ̀. Mo ka lẹ́tà rẹ lórí ìdúró. Nígbà tí mo kà á tán, mo wo ìyàrá mi. Rìmóòtù wà nínú ọ̀rá, aago ara ògiri wà nínú ọ̀rá, àga tí mo fẹ́ jókòó lé wà nínú ọ̀rá, Meldorf sì wà nígun yàrá, ọ̀rá dí i nímú. Ẹ̀rín pa mí dójú omi. Hope rò pé ìròyìn burúkú ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́! Èmi ni mo sé èémí mọ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ, tí mo wá ń sọ pé ó kú.

Mo bọ́ ọ. Mo ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nílé. Tòún, ó jí! Ó fa etí aṣọ fèrèsé mi wọlé lókèèrè. Mo bá a jó yí pálọ̀ ká.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sí ìjọ lémi nìkan. Mo ka Sáàmù kọkàndínlọ́gọ́fà tán, ó ń ṣiṣẹ́. Mo tún un kà, ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo yọ àpò rẹ̀, ó wúwo bí ọmọ tuntun, gbogbo rẹ̀ eruku. Mo gbàgbé pé òdòdó wà lára rọ́ọ̀gì náà. Òdòdó aláwọ̀ wúrà ni ìyá rẹ yàn sí i létí, ó ti pẹ́ tí ojú mi ti rí i gbẹ̀yìn.

Lánàá, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ bá Àpọ́sítélì. Mo ní kí wọ́n wá wò ó. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ míì. Ẹ̀rọ tó dákú lójú gbogbo wa ńkọ́?" Mi ò bá a jiyàn. Mo ti mú sùtánà ìyá rẹ kúrò nínú àpótí. Gbogbo ìjọ mọ̀ ọ́n, torí okùn búlúù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sí igun òsì, mo da iwájú rẹ̀ délẹ̀, mo wólẹ̀ lé e, mo fi gbogbo ara mi tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń gbàdúrà. Mo dìde, mo gbé e sókè, mo yí iwájú rẹ̀ sí wọn.

Ó funfun. Ó funfun báláú.

Àpọ́sítélì ní, "Ẹ̀ẹ́n? Ẹ jẹ́ kí èmi náà rí i." O mọ bó ṣe tóbi tó. Ó wólẹ̀ gbalaja nínú sùtánà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún un, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e dìde. Àwọn ìyá yí i ká, wọ́n ń wo àyà rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ìyá Charity tó rẹ́rìn-ín mi fúnra rẹ̀ ló pariwo, "Ẹ wá wò ó o, kò sí nǹkan kan níbẹ̀!" Gbogbo ìjọ bú sórin. Àpọ́sítélì dì mọ́ mi, ó ní, "Bàbá Abraham, rọ́ọ̀gì Ìyá Àdúrà ò ní ibì kankan í lọ ṣá. Ilé ìwẹ̀ la máa lẹ táìlì mọ́." Ibẹ̀ ni wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo ń gbọ́ ariwo wọn láti ìjọ.

O bi mí lóṣù kìíní, o kàn ò sọ ọ́ báyìí, pé ṣé Meldorf ṣì jẹ́ Meldorf. Jẹ́ kí n dá ọ lóhùn. Rọ́bà pọ̀ lára rẹ̀, wáyà rẹ̀ kúrú, mi ò fẹ́ràn páìpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èyí àtijọ́ gbóná, jíjóná ló jóná. Èyí tuntun mọ ìgbà tó yẹ kí òun sinmi, kó lè dìde padà. Ó ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó tilẹ̀ ju bàbá rẹ̀ lọ níbì kan.

Mo ti bọ́ ọ̀rá ara àwọn àga wa. Wọ́n rọ̀, o gbọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò mọ̀ pé wọ́n rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Sùtánà ìyá rẹ ló wà nínú àpò tí Múrítàlá máa gbé fún ọ. Mi ò fọ̀ ọ́ kí n tó dì í. Wo iwájú rẹ̀.

Bàbá rẹ tó ṣẹ́gun,
Abraham


Leicester
21 Oṣù Kẹrin, 2025

Bàbá mi, aṣẹ́gun,

Mo kúnlẹ̀, mo sì kígbe Halelúyà náà pé méje. Aládùúgbò kanlẹ̀kùn wá bi wá pé ṣé kò sí o. Báyọ̀ ní kí n sọ fún yín pé ẹ ṣe bí ọkùnrin.

Sùtánà náà dé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ Rere. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú fèrèsé, kò sí àbàwọ́n. Òórùn tùràrí ìjọ ṣì wà lára rẹ̀. Láàárọ̀ Àjíǹde, mo wọ̀ ọ́. Ó bá mi mu, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé mo ti sanra tó ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì pálọ̀ wa, mo gbàdúrà fún yín, mo gbàdúrà fún ọmọ mi, mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún Ìyá mi. Nígbà tí mo dìde, Princess nawọ́ sí mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo orúnkún yín."

Méjèèjì ti pọ́n. Lórí rọ́ọ̀gì tí mo ń fi ẹ̀rọ mi gbá láràárọ̀! Rọ́ọ̀gì tí mo fi yangàn fún yín! Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, títí Báyọ̀ fi wá gbé mi dìde. Mo ti fọwọ́ fọ sùtánà náà, ó ti funfun padà.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ nípa Ìyá mi àti rọ́ọ̀gì, mo kó o jẹ. Mo sì ti ra Meldorf tèmi, ó dé láàárọ̀ òní. Kí n tó ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo bọ́ gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀.

A ń bọ̀ wálé lóṣù Kẹjọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ sọ fún Àpọ́sítélì pé sùtánà ń tẹ̀ lé mi bọ̀. Igun òsì ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi.

Ọmọ yín,
Tòún Àbẹ̀kẹ́